Bí Àrùn Ìgbóná Ti Ṣe Kásẹ̀ Nílẹ̀

Àwọn àgbà ní, "Àrùn tí ń ṣe ogójì ni ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún; ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ń ṣe." Bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àrùn tí ń ràn ni wọ́n rí kí wọ́n tó pa òwe yìí. Àrùn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣe nìkan ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Bí egungun ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ṣẹ́, aládùúgbò rẹ̀ kò ní torí rẹ̀ máa tiro. Ṣùgbọ́n àrùn tí ń ràn kò mọ olówó, kò mọ tálákà, bí ó bá sì ti wọ ilé kan, ilé kejì kò gbọdọ̀ sùn. Nínú gbogbo irú àrùn báyìí tí ó ti ń yọ ọmọ ènìyàn lẹ́nu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo péré ni aráyé ti lé kúrò lórí ilẹ̀ ayé pátápátá. Òun ni ìgbóná, èyí tí a tún ń pè ní ṣọ̀pọ̀ná. Kì í ṣe agbára oògùn nìkan ni a fi lé e lọ. Bí a ti ṣe mọ̀ ọ́n, bí a ti ṣe sé e mọ́, àti bí a ti ṣe dí ọ̀nà mọ́ ọn, ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rù àrùn yìí ba àwọn baba wa tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi jẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní tààrà. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń wí, tàbí Olóde, tàbí Baba, tàbí Ọbalúayé. Oríkì rẹ̀ kan wà tí ó máa ń mú mi ronú: Alápadúpẹ́, èyí nì ni ẹni tí ó ń pani tí a sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó sì ti rí gan-an nìyẹn. Bí ìgbóná bá pa ọmọ, ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ké, baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ fajúro. Ọpẹ́ ni wọn yóò máa dá, kí ọba náà má bàa bínú kó ìyókù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a máa kìlọ̀ fún ọmọdé kí ó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí ó má súfèé, kí ó má sì wọ aṣọ pupa. Ẹ má tètè fi èyí rẹ́rìn-ín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbóná máa ń jà jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní tòótọ́. Àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí àkókò rẹ̀, ohun tí ó ń fà á ni wọn kò rí. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun pàápàá gbé orúkọ rẹ̀ dání. Omolu tàbí Obaluaiê ni wọ́n ń pè é ní Brazil. Ní Cuba, Babalú Ayé ni. Wọ́n sì dà á pọ̀ mọ́ Lásárù Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ́ lọ sí El Rincón nítòsí Havana láti bọ ọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún.

Kí tilẹ̀ ni ìgbóná? Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fà á, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Nínú ara ènìyàn nìkan ni ó ń gbé. Kò sí nínú ẹran, kò sí nínú ẹyẹ, ẹ̀fọn kì í gbé e kiri, kì í sì í ba sínú omi. Èémí àti itọ́ aláìsàn ni ó máa ń gbé e dé imú àti ọ̀fun ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Aṣọ àti ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú a sì máa gbé e. Bí ó bá ti wọ ara ènìyàn, kò ní fi ara hàn fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń lọ sí oko, kò sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ibà líle yóò gbé e dè lójijì, orí yóò máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn yóò sì máa ro ó. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, egbò wẹ́wẹ́ yóò yọ sí ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìléròrò yóò bo ojú rẹ̀, yóò sì tàn dé apá àti ẹsẹ̀. Àwọn ìléròrò wọ̀nyí a di olómi, wọn a di ọlọ́yún, wọn a gbẹ, wọn a sì di èépá tí yóò bọ́ sílẹ̀. Títí èépá tí ó kẹ́yìn yóò fi bọ́, aláìsàn náà lè kó o ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí ìléròrò yọ ni ó burú jù. Nínú irú ìgbóná tí ó le jù, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí ó bá mú ni ó ń kú. Ẹni tí kò kú, ojú rẹ̀ a di ṣaṣá. Ojú àwọn mìíràn a sì fọ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá sì ti ṣe é tí ó yè, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tún ṣe é mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ fi àwọn ohun tí mo sọ wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí àwọn náà ni a padà fi ṣe ohun ìjà.

Iṣẹ́ tí ó ṣíwájú gbogbo iṣẹ́ ni láti mọ àrùn ní orúkọ rẹ̀. Àrùn kan wà tí ó jọ ìgbóná, tí ó sábà máa ń mú ọmọdé, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní chickenpox. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, àṣìpè náà kò sì mọ sí ibì kan: bí a bá pe ìgbóná ní ohun kékeré, yóò ti ran gbogbo agbo ilé kí a tó mọ̀, bí a bá sì pe ohun kékeré ní ìgbóná, gbogbo ìlú yóò sá wọ igbó láìnídìí. Nítorí náà ni a ṣe kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti wo ara aláìsàn fínnífínní. Ìléròrò ìgbóná le koko lábẹ́ ìka, ó jìn wọ inú awọ, ojú àti apá àti ẹsẹ̀ ni ó sì pọ̀ sí jù, a máa yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá wo apá kan ara, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń rí bákan náà: bí ọ̀kan bá ti di ọlọ́yún, ìyókù ti di ọlọ́yún. Ti èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ara ni ó fẹ́lẹ́ sí, àyà àti ẹ̀yìn ni ó pọ̀ sí, bí ọ̀kan ti ń yọ ni òmíràn ń di olómi, tí òmíràn sì ti gbẹ. Níbi tí ojú kò bá ti tó o, a ó bu díẹ̀ nínú omi tàbí èépá náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ojú lásán àti ìka ọwọ́ ni a fi ṣe é, àwòrán kékeré tí òṣìṣẹ́ ń mú dání láti abúlé dé abúlé, tí ó ń fi han ọmọdé àti àgbà tí ó ń bi wọ́n bí wọ́n bá ti rí irú ojú báyìí rí.

Kò tọ́ kí a sọ pé àwọn baba wa káwọ́ gbera kí àwọn Òyìnbó tó dé. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ràn. Wọn a máa gbé aláìsàn lọ sí ẹ̀yìn odi tàbí inú ahéré, ẹni tí ó ti ṣe é rí ni wọ́n sì ń fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná nìkan ni ó ń sin òkú, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó fún àwọn àwòrò ní ẹrù òkú, àti aṣọ àti ohun ìní rẹ̀, níbi tí èrè bá sì ti wọ inú ikú, ìfura kò lè ṣàìwọ̀ ọ́. Dókítà Oguntola Sapara, tí a bí ní Freetown ní ọdún 1861, tí ó sì ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, jẹ́ ẹnìkan tí ìfura yìí kò jẹ́ kí ó sùn. Ó ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ awo, ó wọ inú ẹgbẹ́ náà lọ, ó sì jáde wá sọ pé èépá ara aláìsàn ni àwọn kan ń lò láti fi tan àrùn náà kálẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn dì mú tí wọ́n fi ka ìsìn náà léèwọ̀. Ìgboyà ńlá ni, kí ènìyàn wọ inú ilé ikú lọ láti wá ìdí ikú. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo àwòrò ni ó jẹ́ ìkà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn máa lo èépá náà láti fi dáàbò bo ènìyàn, nítorí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà ní Áfíríkà tipẹ́.

Ẹ̀rí ọgbọ́n náà wà nínú ìwé ìtàn Amẹ́ríkà. Ní ìlú Boston, ẹrú ọmọ Áfíríkà kan wà tí wọ́n sọ ní Onesimus. Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Àlùfáà Cotton Mather, pé ní ilẹ̀ àwọn òun, wọ́n a máa bu díẹ̀ nínú ọyún ẹni tí ìgbóná ń ṣe, wọ́n a sì fi sí ojú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí kò tí ì ṣe é. Àrùn díẹ̀ yóò ṣe é, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ńlá. Nígbà tí ìgbóná jà ní Boston ní ọdún 1721, dókítà kan tí ń jẹ́ Zabdiel Boylston dán an wò. Àwọn ará ìlú bínú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà náà rọlẹ̀, nínú nǹkan bí 6,000 ènìyàn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, àwọn tí ó kú lé ní 800. Nínú nǹkan bí 240 tí a sín gbẹ́rẹ́ fún, mẹ́fà ni ó kú. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ìgbóná gidi ni a fi sí ara ènìyàn. Ẹni náà lè kó o ran ará ilé rẹ̀, òun pàápàá sì lè kú.

Edward Jenner, dókítà oko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó rí ọ̀nà tí ó dára jù. Àwọn ọmọbìnrin tí ń fún wàrà màlúù ní àdúgbò rẹ̀ máa ń ní egbò kékeré lọ́wọ́ láti ara màlúù, wọ́n sì máa ń ṣògo pé ìgbóná kò lè mú àwọn mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1796, ó bu omi egbò ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó fi sí apá ọmọkùnrin kan, James Phipps, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní oṣù Keje, ó mú ọyún ìgbóná gidi, ó fi sí ara ọmọ náà. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí dókítà kan bá dán irú èyí wò lára ọmọ ọlọ́mọ lónìí, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti parí. Nínú orúkọ tí èdè Látìnì ń pe màlúù ni àwọn Òyìnbó ti yọ orúkọ tí wọ́n fún irú àjẹsára bẹ́ẹ̀. Àwa ní tiwa sọ ọ́ ní bíbupá, nítorí pé apá ni a ń gbà á sí. Bí ẹ bá wo apá àwọn àgbàlagbà ilé yín tí a bí ṣáájú ọdún 1970, ẹ̀yin yóò rí àpá kan níbẹ̀, roboto, tí ó wọnú díẹ̀. Púpọ̀ nínú irú àpá bẹ́ẹ̀, àpá bíbupá ni.

Láti ìgbà Jenner títí di ìgbà tí a ń sọ yìí, ó lé ní 150 ọdún, ìgbóná sì ṣì ń pa ènìyàn. Kí ló dé? Ní ilẹ̀ tiwa, oògùn náà a máa bàjẹ́ nínú ooru kí ó tó dé oko. Ilé-iṣẹ́ ìjọba wà ní Yábàá ní Èkó tí ń ṣe é, ṣùgbọ́n oògùn olómi kò lè pẹ́ lẹ́yìn yìnyín. Àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn abupá ń bọ̀ pẹ̀lú wolé-wolé, ìyá a gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó di inú igbó. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Leslie Collier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà láti gbẹ oògùn náà tí kò fi ní bàjẹ́ nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì dé, tí ó rí bí àmúga kékeré; ẹ̀kán oògùn kan ń dúró sí àárín ẹnu méjèèjì, a ó sì fi gún apá nígbà 15 wéré-wéré. Kò gba ọjọ́ kan láti kọ́ ènìyàn bí a ti ń lò ó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1966, ìpàdé ńlá Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí a lé ìgbóná kúrò láyé, ìbò méjì péré ni wọ́n sì fi borí nínú ìpinnu náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 20 orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Nàìjíríà, Togo àti Dahomey, tí ó di Benin lẹ́yìn náà, wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n gbìmọ̀ ni láti bupá fún gbogbo ènìyàn láìku ẹnìkan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa ti yí padà, Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ni ó sì ti yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1966, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Foege, gbọ́ pé ìgbóná ti bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kan ní agbègbè Ògòjà. Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò lè tó gbogbo ènìyàn agbègbè náà láéláé. Àwọn míṣọ́nnárì ibẹ̀ ní rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Foege pín àwòrán ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ láàárín wọn, ó ní kí olúkúlùkù rán àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ eré sí gbogbo abúlé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti wò bóyá ìgbóná wà níbẹ̀. Kí alẹ́ ọjọ́ kejì tó lé, wọ́n ti mọ àwọn abúlé díẹ̀ tí ó wà. Wọ́n lọ bupá fún àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ọjà wo ni àwọn ará abúlé wọ̀nyí ń ná? Ibo ni àna àti ìyekan wọn ń gbé? Níbẹ̀ ni wọ́n ná oògùn tí ó kù sí. Ìyókù ilẹ̀ náà, wọn kò fọwọ́ kàn án. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbóná kú ní agbègbè náà, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò bupá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, èyí kò gbọdọ̀ ṣòro fún yín láti yé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná bá ń jó bọ̀ láti inú igbó ọ̀dàn, olóko kòkó kì í bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí gbogbo igi oko rẹ̀. Yóò ro ilẹ̀ yí oko náà ká, yóò gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí iná lè dé ibẹ̀ kí ó má rí ohun tí yóò jó. Foege fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ panápaná nínú igbó ní ìgbà èwe rẹ̀, láti ibẹ̀ ni òye náà sì ti wá. Ẹni tí ó bupá dà bí ilẹ̀ tí a ro: bí ìgbóná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rí ibi kan gbà kọjá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìgbóná a máa pẹ́ nínú ara kí ó tó yọ. Bíbupá a máa ṣiṣẹ́ yá ju àrùn náà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá bupá fún ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn tí ó ti fara kan aláìsàn, a ṣì lè gbà á là. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ orúkọ àwọn tí aláìsàn bá jẹun, bá sùn, bá ṣọ̀rẹ́, ó ti mú àrùn náà ní ọrùn. Ní àwọn ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, a ti rí i pé a bupá fún mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ìgbóná sì ń jà láàárín àwọn méjì tí ó kù. Kì í ṣe iye àwọn tí a bupá fún ni ó ṣe pàtàkì jù. Ibi tí wọ́n wà sí aláìsàn ni.

Ní ọdún 1967 kan náà, ìgbóná wọ ìlú Abakaliki. Ìjọ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gba oògùn tàbí bupá. Ènìyàn 32 ni àrùn náà mú, ọmọ ìjọ náà sì ni gbogbo wọn, àfi díẹ̀. Ìlú tí ó yí wọn ká, tí púpọ̀ nínú wọn ti bupá, kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn onímọ̀ kọ ọjọ́ tí ó mú ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀ dáradára, agbo ilé tí olúkúlùkù ń gbé pẹ̀lú, títí di òní ni àwọn oníṣirò sì ń fi ìwé kékeré náà kọ́ ẹ̀kọ́ bí àrùn ti ń rìn láàárín ènìyàn. Ó rìn díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ìgbóná kò yára bí àwọn ènìyàn ti rò. Ìbẹ̀rù ni ó yára.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, òun náà ni ó kẹ́yìn ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó kẹ́yìn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ayé ni Ali Maow Maalin, ọmọ ọdún 23, alásè ní ilé ìwòsàn ìlú Merca ní Sòmálíà. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, síbẹ̀ kò bupá, nítorí ó ń bẹ̀rù ìrora rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977, ó wọ ọkọ̀ kan tí ó gbé àwọn ọmọ méjì tí ìgbóná ń ṣe, ó fi ọ̀nà han awakọ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ibà. Nígbà tí ìléròrò yọ, wọ́n pè é ní chickenpox. Ẹ wò bí àṣìpè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n padà mọ̀ ọ́n, wọ́n bupá fún gbogbo ẹni tí ó fara kàn án, kò sì ran ẹnìkan. Ó yè, ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà láti máa rọ àwọn ará ìlú rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn gba àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ibà ni ó pa á ní ọdún 2013. Ní ọdún 1978, obìnrin ayàwòrán kan ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìgbóná láti ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀, ó sì kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná kò sí láyé mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín béèrè pé, èéṣe tí a kò fi ṣe ibà tàbí onígbáméjì bẹ́ẹ̀? Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà, ta ni yóò ka iye ẹ̀fọn? Onígbáméjì ń gbé inú omi. Níbi tí omi mímu bá ti darapọ̀ mọ́ ìgbọ̀nsẹ̀, yóò padà wá. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ṣòro ní ọ̀nà mìíràn: nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí kòkòrò rẹ̀ wọ̀ lára, ọ̀kan péré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, àwọn ìyókù ń sáré kiri, wọ́n sì ń tàn án kálẹ̀ láìmọ̀. Ìgbóná ní tirẹ̀ a máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ẹni tí ó bá mú. Pẹ̀lú ìṣòro yìí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé irú rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, Nàìjíríà ni ó sì kúrò kẹ́yìn.

Ọgbọ́n tí a fi mú ìgbóná kò bá ìgbóná lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, ó sì ṣubú. Àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó fún ibà. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ti súnmọ́ ẹni tí àrùn Ebola ń ṣe, ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ àrùn náà ni ó ti pa arábìnrin rẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó jẹ́ ìran Herbert Macaulay, kò gba ibà náà gbọ́. Ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí àwọn kan sì ń fi agbára béèrè pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ká ní ó gbà ni, inú ìlú tí èrò rẹ̀ dà bí eèrùn ni ìbá tú u sí. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25. Dókítà Adadevoh, tí ó ti kó àrùn náà lára rẹ̀, kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ebola kò ní àjẹsára tí a lè lò nígbà náà. Ohun tí ó kù ni títọpasẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn, gbogbo wọn jẹ́ 894, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21, nítorí pé bí ó bá pẹ́ títí, ọjọ́ 21 ni àrùn náà lè fi ba sínú ara kí ó tó yọ. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500, ojú kojú. Ẹnìkan nínú wọn sá lọ sí Port Harcourt, ó lọ gba ìtọ́jú níkọ̀kọ̀. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kú. Láàárín kan náà, ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ lórí fóònù pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ní òru, wọ́n ń mu ún títí ó fi ṣe àwọn mìíràn ní jàǹbá. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. A dúró fún ọjọ́ 42, èyí tí í ṣe ìlọ́po méjì ọjọ́ 21, láìrí aláìsàn tuntun. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, a kéde pé ó ti tán.

Láti ìgbà tí ìgbóná ti tán ni a ti dẹ́kun bíbupá, nítorí náà kò sí àpá náà ní apá ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ìbátan ìgbóná kan, tí a ń pè ní mpox, tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Nàìjíríà ní ọdún 2017. Ó rọrùn ju ìgbóná lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí kò bupá rí ni ó rí mú jù. Ìgbóná fúnra rẹ̀ kò sí lára ẹnìkan mọ́. Ibi méjì péré ni òfin gbà á láàyè kí ó wà, ní Atlanta ní Amẹ́ríkà àti ní Koltsovo ní Rọ́ṣíà, inú yìnyín ni wọ́n sì dì í sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó lórí rẹ̀ bóyá kí a sun ún níná tàbí kí a tọ́jú rẹ̀ fún ìwádìí, wọn kò sì tí ì fẹnu kò.